Òróró Tí Mo Dá Padà Lẹ́nu Ọ̀nà

Èmi fúnra mi ni mo dá Fadá padà lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe àwọn àbúrò bàbá mi tí wọ́n jẹ́ Mùsùlùmí, kì í ṣe oníṣègùn tí ó ń fún Màámi ní àgbo lábẹ́lẹ̀. Èmi tí wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ogójì ọjọ́, èmi tí mo ń gbé tùràrí tẹ̀lé Fadá nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi Tíṣà tí gbogbo abúlé ń fojú ọ̀mọ̀wé wò, èmi ni mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, tí mo na ọwọ́ méjèèjì dí i. Ọdún 1986 ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri nínú, n kò sì kọ ọ́ sílẹ̀ rí, àfi lónìí.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà Ìyànà Ọ̀fà sí Lálúpọn yóò mọ irú abúlé tí mo ń wí. Bí ẹ bá ti kọjá ojú irin ní Lálúpọn tí ẹ yà sínú oko kòkó, ẹ ó rìn tó wákàtí kan kí ẹ tó débẹ̀. Ilé mẹ́rìnlá, kànga kan, àti ṣọ́ọ̀ṣì alámọ̀ onípáànù kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ilé ìdáná ọlọ́rọ̀ lọ. Ẹ sáà mọ àwa ará Ìbàdàn: agboolé wa ń bẹ nígboro, ṣùgbọ́n oko ni a ti ń jẹun, oko náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì ń kú sí. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ níwèé ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lálúpọn, kẹ̀kẹ́ ni mo ń gùn lọ gùn bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni Fadá máa ń kàn wá, torí ìjọ kéékèèké tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ pọ̀ ju ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ lọ. Ọjọ́ tí ó kù, ọwọ́ Bàbá Katikíìsì ni gbogbo wa wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa bàbá yìí, torí òun ló ni ìtàn yìí jù mí lọ. Àgbẹ̀ ni, ó ga, ó tín-ín-rín. Bí ó bá ń kàwé, a máa gbé ìwé jìnnà sójú tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí ó jókòó níwájú yóò máa bá a kà á. Ìtàn kan wà tí kì í sú u. Ó ní kí Fadá kankan tó wá jókòó sí Èkó, Àgùdà kan tí ó ti oko ẹrú bọ̀, tí wọ́n ń pè ní Páàdì Àǹtóníò, ni ó ń kó àwọn ènìyàn jọ fún àdúrà. Nígbà tí Fadá Borghero ti Ouidah wá bẹ Èkó wò ní 1863, ó bá ìjọ nílẹ̀. Ọdún 1868 ni àwọn Fadá ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tẹ̀dó síbẹ̀. Bàbá Katikíìsì yóò wá na ìka sókè: "Ẹ rí i pé àwa la ṣáájú. Àwa la máa ń ṣáájú, àwa náà la máa ń kẹ́yìn." Ẹ̀rín ni a máa ń fi í rín. N kò mọ ìtumọ̀ àwa-la-máa-ń-kẹ́yìn yẹn, àfi lẹ́yìn tí Màámi kú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ni Màámi fi han ìyàwó mi. Kókó kan ni, ó wà lábẹ́ ọmú òsì, ó le bí ẹkùrọ́. Ó ti ń fi aṣọ bò ó mọ́lẹ̀ láti ọdún tí ó ṣáájú. Àgbo, àgúnmu, ìpara, kò sí èyí tí kò lò. Nígbà tí mo fi máa gbé e dé ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn, dókítà ní jẹjẹrẹ ni, ó sì ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti sọ fún mi, níbi tí èrò ti ń lọ tí èrò ti ń bọ̀. Bí mo ti ń gbọ́ ọ lọ́wọ́ ni ẹnì kan tí ó ń ti bẹ́ẹ̀dì aláìsàn kọjá ní kí n yàgò. "Ẹ máa gbé Màmá lọ sílé, kí ẹ máa tọ́jú wọn níbẹ̀." Ó tán. Oògùn tí wọ́n dì fún wa kò ju Panadol lọ.

Kí ni mo wá sọ fún Màámi? Mo ní dókítà ní ara wọn ti ń mókun, ìsinmi ló kù. Ṣé ẹ mọ̀ wá. Bí ọba bá kú, a ní ó wàjà. Bí bàbá ẹni bá kú sílé nígbà tí ẹni wà lẹ́yìn odi, a ó ránṣẹ́ pé ara bàbá kò yá díẹ̀, kí ó máa bọ̀. A kì í là á mọ́lẹ̀. Mo rò pé ìfẹ́ ni mo ní sí Màámi. Gbogbo ilé ni mo kìlọ̀ fún pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ jẹjẹrẹ létí rẹ̀. A wá ń ṣe eré lójoojúmọ́ bí ẹni wà lórí ìtàgé: a ó wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, a ó ní "Ẹ̀ẹ́ dìde, Màámi, kòkó ń dúró dè yín," lẹ́yìn náà a ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé lọ sunkún.

Ọjọ́rú kan nínú oṣù kẹwàá ni mo gbọ́ ìró alùpùpù Fadá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ó gbé àpò dúdú kékeré kan há abíyá. Láti kékeré ni mo ti mọ ohun tí ó wà nínú àpò yẹn: ìgò òróró tí kò ju àtàǹpàkò lọ, òwú díẹ̀, ìwé àdúrà, àti aṣọ ọrùn elésè àlùkò. Òróró ìkẹyìn ni àwọn àgbà wa ń pè é. Bí àpò yẹn bá wọ ilé kan lábúlé wa, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, káfíńtà ti ń wọn pákó. Bí mo ti rí i, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé ikú fúnra rẹ̀ ló gun alùpùpù wá.

"Ẹ káàbọ̀, Fadá. Màámi ń sùn ni o."

"Kò burú, Tíṣà. Mo lè jókòó dè wọ́n."

"Rárá o, Fadá. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni má yọ wọ́n lẹ́nu."

Dókítà kan kò sọ bẹ́ẹ̀. Fadá wo ojú mi, ó wo ọwọ́ mi tí mo fi dí ilẹ̀kùn. Ó ní, "Ó dáa. Ìgbà tí ẹ bá fẹ́, ẹ ránṣẹ́, ìbáà jẹ́ òru." Ó kí mi pé mo kú ìtọ́jú aláìsàn, ó sì lọ.

Ní òru ọjọ́ náà, èmi ni mo jókòó tì í. Ìrora rẹ̀ a máa pọ̀ lóru. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé oorun ti gbé e.

"Ta ló wá lẹ́ẹ̀kan?"

"Ẹnì kan tó ń béèrè ọ̀nà ni, Màámi."

Ó tún dákẹ́. Àtùpà ń ṣẹ́jú. "Ohùn Fadá ni mo gbọ́."

N kò lè dáhùn.

"Ọkọ mi, ta lẹ̀rù ń bà nínú àwa méjèèjì, èmi ni àbí ìwọ? Mo mọ̀ pé mò ń lọ. Ṣé ẹni tó ń re ìrìn àjò kò ní di ẹrù rẹ̀ ni? Ẹ gba ẹrù lọ́wọ́ mi, ẹ ní kí n máa ṣeré."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹrù náà fún mi. Ó jẹ ẹlẹ́kọ ní náírà 12. Aṣọ òkè rẹ̀ aláàárì, ti àbúrò mi obìnrin ni. Ó fẹ́ kí Ìyálé rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ òun kí òun tó lọ, torí ó di ọdún mọ́kànlá tí wọ́n ti ń kí ara wọn láàárọ̀ láìwo ojú ara wọn. Lẹ́yìn náà ni ó sọ èyí tí ó fọ́ mi. Ìyàwó kejì ni Màámi jẹ́ fún bàbá mi. Láti ìgbà tí ó ti wọlé bàbá mi ní 1951, kò jẹ Ara Olúwa mọ́, torí òfin Ìjọ Àgùdà kò fi àyè gba ìyàwó kejì nídìí rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi tí mo fi dàgbà, tí àwọn ènìyàn bá ń tò lọ síwájú pẹpẹ, Màámi a máa jókòó sẹ́yìn, a máa tún gèlè wé. Mo rò pé bó ṣe fẹ́ràn ìmúra ni. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì wá sí Ìbàdàn ní oṣù kejì ọdún 1982, Màámi wà lára èrò tó lọ pàdé rẹ̀. Ó padà sílé pẹ̀lú erùpẹ̀ lára àti ayọ̀ lójú, ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà, kò jẹun lórí tábìlì yẹn. Bẹ́ẹ̀ ni bàbá mi ti kú ní 1979! Ọ̀nà ti là fún un láti ọdún náà, kò sí ohun tí ó dènà mọ́ ju kí ó jẹ́wọ́ fún Fadá lọ. Ojú ń tì í láti béèrè, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Bàbá Katikíìsì ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún un, tí òun fúnra rẹ̀ sì ní kí wọ́n bá òun pe Fadá.

Òun ló pè é. Èmi ni mo dá a padà.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán tí mo fi gun kẹ̀kẹ́ jáde. Mo débẹ̀, wọ́n ní Fadá ti lọ sí àwọn ìjọ inú oko lọ́nà jíjìn, ó di ọjọ́ Ìsinmi kí ó tó dé. Kò sí tẹlifóònù tí mo lè tẹ̀. Mo kọ ìwé sílẹ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè ka ohun tí mo kọ. Nígbà tí mo padà, Bàbá Katikíìsì ni mo lọ bá nínú oko rẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó fi àdá sílẹ̀, ó nu ọwọ́ sára ṣòkòtò, ó ní, "Ó yá, ká lọ."

Bàbá náà kò lè fi òróró kan ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ àlùfáà nìyẹn. Kò lè gbọ́ ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohun tí ó lè ṣe ni ó ṣe, n kò sì rí irú rẹ̀ rí. Ó kọ́kọ́ yà nílé Ìyálé, ó wà níbẹ̀ tó wákàtí kan, ó sì fa obìnrin àgbà náà lọ́wọ́ wá. Àwọn méjèèjì kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ìyálé jókòó sórí ẹní, ó gba abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ Màámi. Kò jẹ́ kí ẹlòmíràn gbà á mọ́ títí ó fi parí. Ọjọ́ kejì, bàbá mú náírà 12 lọ fún ẹlẹ́kọ, ó sì mú un wá kí Màámi gbọ́ létí ara rẹ̀ pé kò sí gbèsè. Lálẹ́, ó sọ fún Màámi pé ẹni tí ó bá ronú pìwà dà nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run, tí ó wá àlùfáà tí kò rí i, Ọlọ́run kò ti ilẹ̀kùn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó ní ẹ̀kọ́ Ìjọ nìyẹn, kì í ṣe pé òun ń pọ́n ọn lénu lásán. Màámi ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó tún ní kí ó tún un sọ. Alhaji, àbúrò bàbá mi, jókòó sí igun yàrá pẹ̀lú tẹ̀sùbáà tirẹ̀. Ọ̀kan ń fa ìlẹ̀kẹ̀ Rósárì, ọ̀kan ń fa tẹ̀sùbáà, kò sì sí ẹni tí ó bá ẹnì kejì jà.

Àkùkọ àkọ́kọ́ ọjọ́ Ìsinmi ni Màámi lọ. Fadá dé lọ́sàn-án, ó ti parí Mísà ní Páríìṣì, kò tilẹ̀ dúró jẹun. Mo dì mọ́ ọn lápá, mo ní kí ó ṣe é, kí ó ṣáà fi òróró yẹn kàn án níwájú orí. Ó mi orí. "Tíṣà, ti alààyè lòróró yìí." Inú bí mi sí i lọ́jọ́ náà o, n kò purọ́. Ó kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀, ó gbàdúrà fún òkú, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Kò bá mi wí. Ì bá sàn fún mi bí ó bá bá mi wí.

Ìgbà tí mo dàgbà sí i ni mo wá wádìí ọ̀rọ̀ òróró yìí. Ní 1963, ọdún mẹ́tàlélógún kí Màámi tó kú, ni àpérò àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní Vatican ti sọ pé kí wọ́n kúkú máa pè é ní ìfòróróyàn àwọn aláìsàn, torí kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lọ́wọ́ nìkan. Ẹni tí àìsàn tàbí ogbó bá ti fẹ́ gbé sínú ewu ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ní 1972, Póòpù Pọ́ọ̀lù Kẹfà tún fi lélẹ̀ pé níbi tí òróró ólífì bá ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n lè lo òróró mìíràn tí a fún lára igi tàbí ewéko. Àwa tí ọ̀pẹ yí ká! Ìròyìn máa ń pẹ́ lọ́nà láti Róòmù dé ẹ̀yìn Lálúpọn, ó pẹ́ ju ọkọ̀ ojú irin lọ. Fadá mọ̀. Bóyá Bàbá Katikíìsì náà mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù àpò dúdú ti wà nínú wa kí ẹnikẹ́ni tó bá wa tú u.

Ohun kan tún wà tí ó ń dùn mí. Àdúrà dára, ṣùgbọ́n Màámi jẹ̀rora ju bí ó ti yẹ lọ. Obìnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Anne Merriman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà ni, ó sì ti ṣe Sísítà Ìjọ Àgùdà rí, ó ṣiṣẹ́ ní apá ìlà-oòrùn Nàìjíríà níbí fún ọdún púpọ̀. Òun ni ó dá ibi ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn kò gbóògùn sílẹ̀ ní Kampala ní Uganda ní 1993, tí wọ́n ń po morphine mọ́ omi fún aláìsàn láti máa mu nínú ilé ara rẹ̀, kí ó lè sùn, kí ó lè bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní Ìbàdàn wa níbí, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ mọ́ kíkun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́ abẹ, wà lára àwọn tí ó ṣíwájú irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní UCH. Lónìí, bí a bá lọ bẹ aláìsàn wò, torí èmi náà ti di ọ̀kan nínú àwọn tí ìjọ ń rán, ìrora ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, lẹ́yìn náà gbèsè, lẹ́yìn náà ìjà. Àdúrà ni mo ń fi sí ìkẹyìn. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa kò fẹ́ràn ètò yẹn, ṣùgbọ́n n kò ní yí i padà.

(Mo sì mọ ìjọ kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n ti gba káàdì owó ìjọ olóògbé lọ́wọ́ opó rẹ̀ kí wọ́n tó gbà láti sin òkú. Wọ́n ń ṣírò gbèsè níwájú pósí. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a ti ibẹ̀ kúrò kí inú tó bí mi jù.)

A sin Màámi sí ẹ̀yìn ilé lábúlé. Àwọn ẹbí láti Ìbàdàn dé, wọ́n ní "Ẹ kú ará fẹ́ra kù," wọ́n ṣe ọjọ́ kẹjọ, Alhaji ṣe fídáù ogójì ọjọ́ tirẹ̀, ó dáná, gbogbo ènìyàn jẹun. Lẹ́yìn náà, ilé dá. Ẹ̀yin tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí rí mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn. Mo ń lọ sílé ìwé, mo ń bọ̀, n kò wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ọjọ́bọ̀ kan, Bàbá Katikíìsì dé nírọ̀lẹ́. Ó mú iṣu kan dání. Ó jókòó sórí àga ìta, kò sọ nǹkan kan, ilẹ̀ ṣú, ó ní "Ó dàárọ̀." Ọjọ́bọ̀ kejì, ó tún dé. Láti oṣù kọkànlá títí di Ọdún Àjíǹde, kò yẹ̀. Nígbà mìíràn a ó sọ̀rọ̀ kòkó, nígbà mìíràn yóò bá mi bó iṣu. Kò fìgbà kan sọ pé kí n wá sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tó bí Ọjọ́bọ̀ kẹwàá kí n tó lè la ẹnu mi pé, "Bàbá, èmi ni mo fi ìyẹn du Màámi."

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. "Ìwọ fi ọjọ́ mẹ́rin dù ú. Èmi fi ọdún méje dù ú. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ ni mo ti mọ̀ pé ọ̀nà ti là fún un. Mo ń rí i lẹ́yìn tí ó ń wé gèlè. Mo ní màá sọ fún un lọ́la, lọ́la." Ó fi etí agbádá nu ojú. "Kí lo rò pé mò ń wá ṣe níbí lọ́jọọjọ́bọ̀? O rò pé ìwọ nìkan ni mò ń wá tù nínú?"

Àwa méjèèjì sunkún lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó mi gbé ẹ̀kọ àti ẹ̀fọ́ wá, a jẹ ẹ́.

Nígbà tí bàbá dàgbà tí ọkàn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, n kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì ọdún 2003 ni, ọjọ́ tí Ìjọ Àgùdà yà sọ́tọ̀ fún àwọn aláìsàn káàkiri ayé. Mo lọ mú Fadá tí ó wà ní Páríìṣì nígbà náà wá, pẹ̀lú àpò dúdú rẹ̀. A kò gbé bàbá wọ yàrá. Iwájú ilé ló jókòó sí, lórí àga rẹ̀, lábẹ́ igi mángòrò, àwọn ọmọ ń wò, àwọn obìnrin ń gún iyán lọ́wọ́ nítòsí. Fadá fi òróró kàn án níwájú orí, ó fi kàn án ní àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. Ọmọ kan béèrè bóyá Bàbá fẹ́ kú ni. Bàbá ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Màá jẹ iyán yìí ná." Ọdún mẹ́rin ni ó tún lò lẹ́yìn náà.

Bí Fadá ti ń di àpò rẹ̀, bàbá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí ó ń dán, ó fi ra ara wọn díẹ̀díẹ̀. Ó wá nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

"Tíṣà, òjò àkọ́rọ̀ ti sún mọ́lé. Bá mi gbé ọkọ́ yẹn lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, ẹnu rẹ̀ ti kú."

Mo so ọkọ́ mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo sì gba ọ̀nà Lálúpọn lọ.